Fítámì àti Mínírà fún Ẹni tí Àìsàn Ìwúlé Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Ń Bá Fínra: Àwọn Ìbéèrè tí Kì í Tán

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tí àìsàn wa jọra máa ń bi mí lemọ́lemọ́, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ sójú kan. Aláìsàn ni mí, n kì í ṣe dókítà. Làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé ni tèmi. Ohun tó wà níbí kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹni tí fáìlì yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ẹ ń pè ní àìsàn ìwúlé ọlọ́jọ́ pípẹ́?

Bí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á pupa, á gbóná, á sì máa dunni. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun ara nìyẹn. Bí wọ́n bá ti lé ọ̀tá lọ tán, ó yẹ kí wọ́n padà sílé, ṣùgbọ́n nínú àìsàn tiwa wọn kì í padà. Ẹran ara ẹni gan-an ni wọ́n ń bá jà: oríkèé nínú làkúrègbé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis, ìfun nínú Crohn àti ulcerative colitis, awọ ara nínú psoriasis, ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú lupus. Ìwúlé ni mo máa pè é jálẹ̀, kódà níbi tí ojú kò ti lè rí i pé nǹkan kan wú.

Kí ló dé tí fítámì àti mínírà fi máa ń dín kù lára wa?

A kì í jẹun tó, nítorí ìrora, àárẹ̀ àti inú rírú máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni. Ìfun tó bá wú kò lè fa èròjà inú oúnjẹ bó ṣe yẹ. Ohun tó ti wọlé pàápàá tún lè bá ìgbẹ́ gbuuru jáde, tàbí kó bá ẹ̀jẹ̀ tó ń sun díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun lọ.

Oògùn wa náà ní tirẹ̀. Prednisolone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, máa ń jẹ́ kí ara pàdánù kálísíọ́mù. Methotrexate, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà àwọn ọmọ ogun ara, ń dí folate (fítámì B9, tó ń jẹ́ folic acid nínú hóró) lọ́wọ́ iṣẹ́, sulfasalazine kì í sì í jẹ́ kí ìfun fà á dáadáa. Àwọn oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, bí omeprazole, lè mú kí fítámì B12 àti magnẹ́síọ́mù lọ sílẹ̀ bí èèyàn bá lò wọ́n pẹ́.

Nítorí èyí, ẹni méjì lè ní àìsàn kan náà kí ohun tó wọ́n lára wọn má bára mu rárá. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń lò kò fi ohun tí ẹ̀yin nílò hàn.

Ṣé oúnjẹ nìkan kò lè tó?

Fún ọ̀pọ̀ wa, ó tó nígbà tí àìsàn bá rọlẹ̀. Ẹja, ẹyin, ẹran, wàrà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀pà kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ara ń fẹ́ jọ, ó sì ṣòro kí èèyàn jẹun débi tí fítámì á fi di májèlé fún un. Oúnjẹ ni èmi kọ́kọ́ máa ń gbójú lé.

Àmọ́ àwọn àlàfo kan wà tí oúnjẹ kò lè dí. Ẹni tí wọ́n ti gé ìparí ìfun tínrín rẹ̀ kúrò kò lè rí B12 fà láti inú ẹran, bó ti wù kó jẹ ẹ́ tó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ìfun rẹ̀ á pàdánù irin ju èyí tó lè jẹ lọ. Ẹni tó ń lo methotrexate nílò folic acid tí wọ́n kọ fún un, ẹni tí oòrùn kò sì gbọ́dọ̀ pa, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní lupus, sábà máa ń nílò fítámì D oníhóró.

Ṣé fítámì lè wo àìsàn yìí sàn?

Rárá. Fítámì ń dí àlàfo ni. Bí kò bá sí àlàfo, kò ní ohun tó máa dí.

Ìwádìí tí àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí ni VITAL, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà 25,871 ló kópa nínú rẹ̀ fún bí ọdún 5. Nínú èsì tó jáde lọ́dún 2022, àwọn tó ń lo fítámì D 2,000 IU (ìdíwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) lójúmọ́ ní ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun àwọn àìsàn tí ọmọ ogun ara ń bá ara jà tó fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò lò ó. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa àìsàn tí kò tíì dé ni èsì yẹn ń sọ. Kò sọ pé ẹni tó ti ní i á gbádùn.

Ó máa ń dùn mí dé egungun bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan pa oògùn rẹ̀ tì nítorí ìgò fítámì. Oríkèé tí ìwúlé bá ti jẹ tán kì í hù padà.

Àyẹ̀wò wo ni kí n béèrè fún?

Iye ẹ̀jẹ̀, ferritin pẹ̀lú transferrin saturation (bí irin ṣe kún inú ohun tó ń gbé e kiri nínú ẹ̀jẹ̀ tó), B12, folate, fítámì D tí wọ́n ń kọ ní 25-hydroxyvitamin D, kálísíọ́mù, àti bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Síǹkì àti sẹlẹ́níọ́mù kò pọn dandan àfi bí ìdí bá wà, bí ìgbẹ́ gbuuru tó ti pẹ́ tàbí ìfun tí wọ́n gé.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe CRP, tó ń fi bí ìwúlé ṣe pọ̀ tó hàn, lọ́jọ́ kan náà. Láìsí CRP lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà yòókù kò ṣeé kà.

Èsì sọ pé ferritin mi pé, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi kéré. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù, ó sì da èmi náà láàmú fún ọdún méjì. Wọ́n ń sọ fún mi pé irin ara mi pé, bẹ́ẹ̀ n kò lè gun àtẹ̀gùn kan láìdúró mí.

Ferritin ni àká tí ara ń kó irin sí. Bí àká bá ń gbẹ, ferritin á lọ sílẹ̀. Èyí yé gbogbo èèyàn. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni pé ìwúlé fúnra rẹ̀ máa ń gbé ferritin sókè, yálà irin wà tàbí kò sí. Nọ́ńbà tó dà bíi pé ó dára lè jẹ́ iná àìsàn ló gbé e sókè.

Ọ̀rọ̀ hepcidin tún wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ìwúlé sì máa ń jẹ́ kó ṣe é lápọ̀jù. Kọ́kọ́rọ́ ni hepcidin jẹ́: ó ń ti ilẹ̀kùn tí irin ń gbà láti ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ti ilẹ̀kùn àká pẹ̀lú. Ìdí wà tí ara fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àrùn nílò irin kó tó lè bí sí i, ara sì ń fi irin pa mọ́ kó má bàa rí i. Ọgbọ́n yìí dára fún àrùn ọjọ́ mẹ́ta. Nínú àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ebi irin ló ń fi pa wá. Àká lè kún kí a má rí nǹkan kan mú níbẹ̀, ó sì lè gbófo kí wọ́n tún tì í pa. Ọ̀pọ̀ wa ló ní méjèèjì pọ̀.

Nínú àìsàn ìfun, bí àwọn dókítà ṣe ń kà á nìyí: bí ìwúlé kò bá sí, ferritin tó wà nísàlẹ̀ 30 maikirogíráàmù nínú lítà kan ló ń fi hàn pé irin ti tán. Bí ìwúlé bá wà, àká lè ti gbófo kí nọ́ńbà náà ṣì tó 100. Transferrin saturation tó wà nísàlẹ̀ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, bí ferritin yín bá jẹ́ 80 tí CRP sì ga, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ “ó pé” lé yín lọ. Ẹ béèrè ohun tí saturation wí.

Ṣé àwọn nọ́ńbà yòókù náà lè tan èèyàn jẹ?

Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, lódìkejì. Bí àìsàn bá ru sókè, síǹkì, sẹlẹ́níọ́mù, fítámì A, B6 àti fítámì D máa ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kódà bí wọn kò bá tíì dín kù lára lódindi. Bí kò bá sí ohun tó ń kánjú, ó dára kí a tún wọn wò nígbà tí CRP bá ti rọlẹ̀, ká tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ńlá.

Hóró irin ń da inú mi rú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa lílò ó lọ́jọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kejì. Bí a bá gbé irin mì, hepcidin máa ń ga sókè títí di ọjọ́ kejì, ìfun á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2017, tí wọ́n fi àwọn obìnrin tí irin wọn kéré ṣe, fi hàn pé ohun tí ara fà pọ̀ sí i nínú hóró kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ń fo ọjọ́ kan. Èròjà fítámì C, bí omi ọsàn, ń ran irin lọ́wọ́. Tíì, kọfí, wàrà àti kálísíọ́mù ń dí i lọ́wọ́.

Irin máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, kò léwu. Èyí tó bá dúdú, tó ń yọ̀ bí ọ̀dà, tó ń rùn burúkú, tí òòyì sì ń kọ́ ẹni, ẹ̀jẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ṣì ń gbóná lọ́wọ́, tàbí tí hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò tó gíráàmù 10 nínú dẹsilítà, irin tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà ìfun sábà máa ń yàn. Kò bá kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ìfun jà, kò sì ní í da inú rú.

Fítámì D mélòó ló yẹ kí n máa lò?

Ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ni 600 IU lójúmọ́ títí dé ẹni 70 ọdún, àti 800 IU fún ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má kọjá 4,000 IU lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ maikirogíráàmù sára ìgò, maikirogíráàmù kan jẹ́ 40 IU. Nínú ẹ̀jẹ̀, nánógíráàmù 20 nínú mililítà kan tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìsàlẹ̀ 12, ó ti wọ́n jù.

Ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀. Hóró 50,000 IU tí àwọn kan ń lò lọ́sẹ̀ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà. Àpọ̀jù fítámì D á gbé kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ sókè: òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, èébì, iyè tó ń ṣú, títí kan kíndìnrín tó bàjẹ́.

Sítẹ́rọ́ìdì ni mò ń lò. Báwo ni egungun mi ṣe máa rí?

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni egungun ń yára gbó jù, nítorí náà a kì í dúró di ọdún tó ń bọ̀ ká tó ṣe nǹkan. Bí ẹ bá ń lo prednisolone 2.5 miligíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ó lé, ẹ ní kí wọ́n yẹ ewu egungun yín wò.

Kálísíọ́mù 1,000 sí 1,200 miligíráàmù lójúmọ́ ni àpapọ̀ tí a ń wá, pẹ̀lú fítámì D 600 sí 800 IU. Àpapọ̀ ni mo wí. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò èyí tó wà nínú wàrà, ẹja tí a ń jẹ teegunteegun àti ẹ̀fọ́, kí hóró wá dí ìyókù nìkan. Ara kì í fa púpọ̀ ju 500 lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in. Èyí tí wọ́n kọ “carbonate” sí lára ń fẹ́ oúnjẹ, “citrate” kò bìkítà.

Ẹ má ṣe tìtorí egungun dá sítẹ́rọ́ìdì dúró lójijì. Ara tí kò ṣe sítẹ́rọ́ìdì tirẹ̀ mọ́ lè dákú, ó sì lè kú.

Kí nìdí tí wọ́n fi kọ folic acid mọ́ methotrexate fún mi?

Láti dín inú rírú, egbò ẹnu àti wàhálà ẹ̀dọ̀ kù. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà ń kọ 5 miligíráàmù lọ́sẹ̀ tàbí 1 miligíráàmù lójúmọ́, ọ̀pọ̀ sì máa ń fo ọjọ́ tí methotrexate bọ́ sí. Ìwọ̀n yìí kì í ba iṣẹ́ methotrexate jẹ́ nínú làkúrègbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni methotrexate fún àìsàn wa. Àwọn èèyàn ti kú nítorí pé wọ́n lò ó lójoojúmọ́. Hóró rẹ̀ àti ti folic acid lè jọra gan-an, kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ fi wọ́n sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ ọjọ́ gàdàgbà sára ti methotrexate. Bí ẹ bá ṣèèṣì lò ó léraléra, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara yín bá le.

Wọ́n gé nínú ìfun mi. Ṣé mo máa gba abẹ́rẹ́ B12 títí láé ni?

Ó dá lórí ibi tí wọ́n gé. Ìparí ìfun tínrín nìkan ló ń fa B12. Bí ohun tí wọ́n gé níbẹ̀ bá ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ nílò B12 títí, ọ̀pọ̀ ń gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù kan sí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ìfun ńlá ni wọ́n gé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀dọ̀ máa ń fi B12 ọdún bíi mélòó kan pamọ́, nítorí náà kì í tètè hàn. Nígbà tó bá hàn, á dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ìrìn á máa yẹ̀, ìgbàgbé á wọlé. Folic acid púpọ̀ lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe kí ó fi àìtó B12 pa mọ́, nígbà tí iṣan ìmọ̀lára ń bàjẹ́ lọ. Ẹ yẹ B12 wò kí ẹ tó lo folic acid oníwọ̀n ńlá fún ìgbà pípẹ́.

Síǹkì ńkọ́?

Ó wúlò fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń gbà á lọ. Ọkùnrin nílò 11 miligíráàmù lójúmọ́, obìnrin 8; kí ó má kọjá 40 láìsí àṣẹ. Síǹkì tó pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń lé kọ́pà jáde lára, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ọwọ́-ẹsẹ̀ kíkú ló sì ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rò pé àìsàn òun ló ń le sí i lè má mọ̀ pé ìgò ló fà á.

Èwo ni n kò gbọ́dọ̀ lò papọ̀?

Levothyroxine, oògùn ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, pẹ̀lú irin tàbí kálísíọ́mù: ẹ fi wákàtí mẹ́rin sáàárín. Oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin àti doxycycline: irin, kálísíọ́mù, síǹkì àti magnẹ́síọ́mù máa ń so mọ́ wọn nínú ikùn, oògùn á sì kọjá lásán, ẹ bi apòògùn wákàtí tó yẹ. Alendronate tó wà fún egungun: òwúrọ̀, inú òfìfo, omi lásán, kí ẹ má jẹ nǹkan kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ má sì dùbúlẹ̀. Mycophenolate, oògùn mìíràn tó ń pẹ̀tù sí ìjà àwọn ọmọ ogun ara, kò bá oògùn inú tó ní magnẹ́síọ́mù tàbí alumíníọ́mù ṣe.

Mò ń lo warfarin. Ṣé kí n pa ẹ̀fọ́ tì?

Ẹ má pa á tì. Fítámì K inú ẹ̀fọ́ ń dín agbára warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń da INR (àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn) rú ni àyípadà: kí a jẹ abọ́ ńlá lọ́sẹ̀ yìí, ká má jẹ rárá lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ jẹ ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ṣètò oògùn mọ́ ọn. Fítámì E oníwọ̀n ńlá ni kí ẹ sá fún, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Wọ́n ní kí n ra ohun tó ń “fún àjẹsára lágbára”. Ṣé kí n rà á?

Ọmọ ogun wa kò ṣe aláìlágbára. Ilé ara wọn ni wọ́n ń jó. Hóró ewéko alfalfa ní èròjà kan, L-canavanine, tó ti ru lupus sókè lára àwọn kan, àwọn dókítà sì ń kìlọ̀ fún wa nípa ewéko echinacea. Fítámì C ìwọ̀n oúnjẹ kò léwu. Àpọ̀jù rẹ̀ lè di òkúta nínú kíndìnrín, Crohn tó wà ní ìparí ìfun tínrín sì ti fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ sún mọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn gbogbogbòò?

Ẹni tó ní sarcoidosis, àìsàn tí kókó ìwúlé fi ń yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Kókó ìwúlé inú ara rẹ̀ ń sọ fítámì D di èyí tó lágbára jù láìgba àṣẹ, kálísíọ́mù á sì ga. Fítámì D rẹ̀ lè kéré lórí ìwé nígbà tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ti pọ̀ jù. A gbọ́dọ̀ wo irú méjèèjì, pẹ̀lú kálísíọ́mù, kí ó tó gbé hóró kan mì.

Ẹni tí lupus ti dé kíndìnrín rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Pọtásíọ́mù, magnẹ́síọ́mù àti fítámì A lè pọ̀ jọ sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iyọ̀ tí wọ́n ń tà bí iyọ̀ tí kò ní sódíọ́mù, pọtásíọ́mù ló kún inú rẹ̀.

Mo fẹ́ lóyún. Kí ló yí padà?

Methotrexate gbọ́dọ̀ ti kúrò lára ní oṣù mélòó kan ṣáájú, dókítà ló máa dá àkókò. Folic acid 400 maikirogíráàmù lójúmọ́ ni ti obìnrin gbogbo. Ẹni tó ń lo sulfasalazine máa ń nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fítámì A tó jẹ́ retinol kò gbọ́dọ̀ kọjá 3,000 maikirogíráàmù lójúmọ́, nítorí ó lè ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dọ̀ ẹran àti epo ẹ̀dọ̀ ẹja sílẹ̀. Ti inú kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ kò ní ewu yẹn.

Àyẹ̀wò mi ń bọ̀. Ṣé ó yẹ kí n dá nǹkan kan dúró?

Biotin, fítámì kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn irun àti èékánná. Ìwọ̀n ńlá rẹ̀ ń da àyẹ̀wò thyroid àti troponin rú, àyẹ̀wò troponin sì ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ọkàn bá ní ìpalára. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2017. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ fi dá a dúró. Bó bá sì jẹ́ pé àyà dídùn ló gbé yín dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín kó tó fà á.